Ṣebí Dírágónì Wà Ńbẹ̀, Kí Lẹ Tún Ń Bèèrè?

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nínú yàrá wa, mo sì rò pé ó yẹ ká gbé e wá sójú ìwé, torí pé ọ̀rọ̀ tá a bá fi ẹnu lásán sọ, atẹ́gùn ló máa ń gbé e lọ.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Iná ti lọ. Lápútọ́ọ̀pù ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì ní bátìrì, èèyàn mẹ́jọ ti kó ara wọn jọ sórí bẹ́ẹ̀dì kan, gbogbo ojú wà lára Game of Thrones. Eré yìí ti parí láti oṣù karùn-ún ọdún 2019, ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì jáde girama nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n eré ló parí o, ìjà rẹ̀ ò parí. A wo ó títí a fi dé apá keje, ìpín kẹfà, níbi tí Daenerys ti gun dírágónì dé láti gba àwọn ọkùnrin kan tí òkú ká mọ́ orí adágún. Ni ọ̀kan nínú wa bá na ọwọ́, ó tẹ pọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ẹ dákun, ẹyẹ wo ló fò tó báyìí?"

Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ẹni tó ni lápútọ́ọ̀pù ti pariwo: "Ṣebí dírágónì wà ńbẹ̀? O gba dírágónì gbọ́, o ò gba ẹyẹ gbọ́!"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ eré padà, ó ń lọ.

Àmọ́ nígbà tí mo dùbúlẹ̀ lóru ọjọ́ náà, ẹ̀rín yẹn ò dùn mọ́ mi mọ́. Ó dà bíi pé ìbéèrè gidi la fi ẹ̀rín pa. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ò ju ẹyọ kan lọ: pé dírágónì wà nínú ìtàn kò túmọ̀ sí pé ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí idán bá ṣe pọ̀ tó nínú ìtàn ni òfin rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe le tó. Ẹni tó bèèrè ọ̀rọ̀ ẹyẹ yẹn ò ba eré jẹ́ fún wa. Nínú àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ló ń wo eré.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LÓRÍ ADÁGÚN

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì wo eré náà, ẹ má bínú, mo máa tú u sílẹ̀ pátá. Jon Snow àti àwọn ọkùnrin mélòó kan jáde lọ sẹ́yìn Ògiri yìnyín ńlá tó wà ní òpin àríwá ilẹ̀ Westeros. Wọ́n fẹ́ mú ọ̀kan nínú àwọn òkú tó ń rìn, kí wọ́n gbé e lọ fún Cersei, ayaba tó wà lórí ìtẹ́ ní King's Landing, kó lè gbà pé òkú ń bọ̀ lóòótọ́. Wọ́n rí ọ̀kan mú, ṣùgbọ́n ogunlọ́gọ̀ òkú ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Jon bá rán Gendry alágbẹ̀dẹ pé kó sáré padà sí Eastwatch lẹ́bàá Ògiri, kó ní kí wọ́n rán ẹyẹ ìwò sí Daenerys ní Dragonstone, erékùṣù tó jìnnà réré sí gúúsù.

Gendry sáré títí ó fi ṣubú lẹ́nu géètì. Wọ́n rán ẹyẹ. Ẹyẹ fò dé. Tyrion bẹ Daenerys pé kó má lọ, kò gbọ́, ó gun Drogon, àwọn dírágónì méjì yòókù tẹ̀ lé e. Ní gbogbo àkókò yìí, Jon àtàwọn èèyàn rẹ̀ wà lórí òkúta kan láàárín adágún, òkú yí wọn ká bí eérú, wọn ò lè kọjá torí pé yìnyín orí omi ti fọ́. Lójú àwa tá à ń wò, òru kan ni. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá Thoros tó ti kú nínú òtútù. Yìnyín ti dì padà, òkú bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, àfi gbàmù, Daenerys dé.

Ẹyẹ ìwò tí Bíbélì ní ó ń gbé oúnjẹ fún Èlíjà, tàbí-n-tàbí, kò mọṣẹ́ tó ti Westeros yìí.

Ọjọ́ 20, oṣù kẹjọ, ọdún 2017 ni ìpín yẹn jáde, láti ọjọ́ náà làwọn olólùfẹ́ eré káàkiri ayé ti ń fà á. Àwọn kan gbé máàpù Westeros kalẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé Ògiri yẹn gùn tó 300 máìlì, ni wọ́n bá fi Ògiri ṣe rúlà, wọ́n fi wọn ọ̀nà láti Eastwatch dé Dragonstone. Wọ́n wádìí bí ẹyẹ ṣe ń yára tó, wọ́n wá ìṣirò dírágónì mọ́ ọn. Àwọn kan ní kò ṣeé ṣe láéláé. Àwọn kan ní ó ṣeé ṣe bí ẹyẹ náà ò bá sinmi. Alan Taylor tó darí ìpín náà sọ fáwọn oníròyìn pé àwọn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àkókò ṣókùnkùn díẹ̀ níbẹ̀, pé ohun táwọn gbára lé ni pé bí ìtàn bá ń gbóná lọ, ọkàn òǹwòran á bá a lọ.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹyẹ yìí ṣeré o. Nítorí pé Daenerys dé, Night King rí dírágónì pa. Ó ju ọ̀kọ̀ yìnyín mọ́ Viserion, ó jí òkú rẹ̀ dìde, ó gùn ún. Ní ìpín tó tẹ̀ lé e, dírágónì òkú yẹn ló wó Ògiri tí wọ́n ní ó ti dúró fún ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́jọ. Gbogbo ìparí eré náà rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ kan. Bí ẹyẹ náà ò bá dé lásìkò, kò sí apá kẹjọ.

Ẹ wá wò ó, Cersei tí wọ́n torí rẹ̀ lọ mú òkú wá, ó rí òkú náà, ẹ̀rù bà á, ó ṣèlérí ọmọ ogun, irọ́ ló sì pa. Dírágónì kan lọ, Ògiri wó, wọn ò sì rí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ lọ.

Ọ̀NÀ LÓ BÍ OGUN

Ẹnì kan lè bi mí pé: ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣebí ẹ máa ń wo fíìmù tí jagunjagun ti ń fò láti ìlú kan sí òmíràn kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ẹ kì í sọ̀rọ̀. Kí ló dé tó jẹ́ eré yìí lẹ fẹ́ pa?

Ìdáhùn mi nìyí. Eré yìí fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa pé ọ̀nà jìn. Nínú ìpín àkọ́kọ́ gan-an, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ọba Robert dé sí Winterfell, kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí Cersei fi ráhùn pé oṣù kan làwọn ti fi wà lójú ọ̀nà. Oṣù kan! Kò sí ẹni tó fò, kò sí ẹni tó fi egbé rìn. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, ọ̀nà yẹn gùn débi pé àwọn ọmọdé rí àyè ṣeré lẹ́bàá odò, eré dìjà, ìjà náà pa ọmọ alápatà, ó pa Lady, ìkookò Sansa. Nígbà tó tún yá, Catelyn ń ti King's Landing bọ̀, ó yà sí ilé èrò kan. Tyrion náà yà síbẹ̀. Torí pé ọ̀nà jìn, torí pé arìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ sùn síbì kan, wọ́n pàdé. Catelyn ní kí wọ́n mú un, ni baba Tyrion bá gbé ogun dìde. Ẹ jọ̀ọ́, bí Catelyn bá ní ẹsẹ̀ Gendry, ṣé á sùn nílé èrò?

Èyí tó ga jù ni ti Robb Stark. Odò kan wà láàárín òun àti ibi tó ń lọ, Walder Frey ló sì ni afárá. Kí Robb tó lè kọjá, ó ní láti ṣèlérí pé òun á fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Frey. Ó kọjá. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ rí Talisa, ó yẹ àdéhùn. Ọjọ́ 2, oṣù kẹfà, ọdún 2013, gbogbo ayé rí ohun tí àdéhùn yẹn bí: níbi ìgbéyàwó, wọ́n pa Robb, wọ́n pa ìyá rẹ̀, wọ́n pa ìyàwó rẹ̀ toyún-toyún. Ẹ tún un wò: odò bí afárá, afárá bí ìlérí, ìlérí bí ikú. Kò sí idán kankan nínú ẹ̀. Omi tó ń ṣàn àti ọkùnrin tó kánjú ni.

Nítorí náà, ẹni tó bèèrè pé ẹyẹ wo ló fò tó báyìí, kò fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì da ìtàn láàmú. Ohun tí eré náà fi apá mẹ́fà kọ́ ọ ló ń rántí. Olùkọ́ ló gbàgbé, akẹ́kọ̀ọ́ ló rántí, olùkọ́ wá ń bínú.

IDÁN NÍ ÈÈWỌ̀

Ẹ jẹ́ ká padà wálé díẹ̀, torí pé àwa tá a gbọ́ àlọ́ dàgbà, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé wa.

Gbogbo wa la mọ àlọ́ Ìjàpá àti àsèjẹ Yánníbo. Yánníbo ò rọ́mọ bí, Ìjàpá lọ bá babaláwo, babaláwo se àsèjẹ, ó kìlọ̀ pé ìyàwó nìkan ni kó jẹ ẹ́, Ìjàpá ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Òórùn ọbẹ̀ bá a lọ́nà, ó tọ́ ọ wò, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Láti kékeré títí di òní, mi ò tíì rí ọmọdé kan tó ní kí wọ́n dúró ná, báwo ni ọbẹ̀ ṣe ń fún ọkùnrin lóyún? Kò sí ẹni tó bèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò, ẹ pa àlọ́ náà kí Ìjàpá jẹ àsèjẹ tán kí nǹkan kan má ṣe é. Ọmọ ọdún márùn-ún á gbé orí sókè, á ní, "Babaláwo ní kó má jẹ ẹ́ ńkọ́?" Ọmọ yẹn ti gba idán gbọ́. Ohun tí kò ní gbà ni kí ẹni tó ń pàlọ́ yẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Egbé náà ńkọ́? Nínú ìtàn wa àti nínú fíìmù Yorùbá, egbé máa ń gbé èèyàn láti ibi ewu lọ sílé kí ojú tó pa dé. Fágúnwà lò ó nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ lọ́dún 1938, kò sí ẹni tó ní kí Àkàrà-ògùn wá ṣàlàyé ìṣirò ọ̀nà. Ìdí ni pé egbé ní orúkọ. A mọ̀ pé ẹni báyìí ní i, àwọn yòókù ò ní i. Ó ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè sí i, ó ní ohun tí kì í bá a jẹ. Bí ọ̀tá bá jí i tàbí bí olówó rẹ̀ bá jẹ èèwọ̀, ó parí nìyẹn, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn. Egbé tí gbogbo èèyàn ní, tí kò ní orúkọ, tí kò ní èèwọ̀, tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wu òǹkọ̀wé nìkan, ìyẹn kì í ṣe egbé mọ́. Òǹkọ̀wé ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé èèyàn, a sì ń rí ọwọ́ náà.

Ẹ̀yin ọmọ lítíréṣọ̀ á ti máa rántí Aristotle báyìí. Ó ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ó sàn kí akéwì mú ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ tó ṣeé gbà gbọ́, ju ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí kò ṣeé gbà gbọ́ lọ. Dírágónì wà ní apá àkọ́kọ́ gbólóhùn yẹn. Ẹyẹ ìwò yẹn wà ní apá kejì. Ẹyẹ ń fò lóòótọ́, ọkùnrin ń sáré lóòótọ́, gbogbo ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó gbà á gbọ́.

Ẹni tó ń gbèjà eré náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ. Nínú yàrá wa, ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé òru kan ni? Yìnyín tó fọ́ gbọ́dọ̀ dì padà. Ó lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ mẹ́rin." Mo gbà. Ká ní ọjọ́ mẹ́rin ni. Kí ni wọ́n jẹ? Ta ló sùn, ta ló ṣọ́nà? Sandor àti Beric tí wọ́n ti jìjà àjàkú rí, kí ni wọ́n bá ara wọn sọ lọ́jọ́ kẹta? Ta ló kọ́kọ́ sọ pé Gendry ti kú sọ́nà, pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀? Ọkùnrin mélòó kan lórí òkúta, ebi, òtútù, òkú tó dúró tí kò fọhùn: ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ṣebí ìtàn nìyẹn gan-an! Eré yìí ní ìtàn tó dáa lọ́wọ́, ó fò ó kọjá kó lè tètè dé ibi tí dírágónì ti ń yọ iná. Ibi tí ẹjọ́ mi wà nìyí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣírò máìlì. Ìrora tó yẹ ká rí, tí wọn ò jẹ́ ká rí, ni mo ń béèrè.

ỌFÀ TÓ MỌ OJÚ ÈÈYÀN

Ẹjọ́ kejì tí àwọn olólùfẹ́ eré máa ń dá ni ti ọfà. Apá kẹjọ, ìpín kẹrin, ọjọ́ 5, oṣù karùn-ún, ọdún 2019: Daenerys ń fò bọ̀ sí Dragonstone, ojú ọ̀run mọ́ kedere, ó wà lókè, òkun wà nísàlẹ̀. Euron fi ọkọ̀ ogun rẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn òkúta, ó yin ọfà ńlá, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta, gbogbo ẹ̀ ba Rhaegal, dírágónì já sínú omi. David Benioff, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ṣe eré náà, ṣàlàyé lẹ́yìn ìpín yẹn pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun Euron ti kúrò lọ́kàn Daenerys díẹ̀. Gbàgbé kẹ̀! Ẹni tó ń lọ jagun, ó gbàgbé ọ̀tá tó wà lójú omi. Ká ní wọ́n fi hàn wá pé ọ̀fọ̀ Missandei tàbí ọ̀fọ̀ ẹlòmíràn ti da orí rẹ̀ rú, a ò bá gbà. Àmọ́ Missandei ò tíì kú, ìgbàgbé náà ò sì sí nínú eré, ìta la ti gbọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà, ọjọ́ 12, ọkọ̀ kan náà, ọfà kan náà, wọ́n tún ti to ọ̀pọ̀ sí i sórí odi ìlú. Daenerys fi Drogon kan ṣoṣo jó gbogbo ẹ̀ run. Ẹyọ ọfà kan ò kàn án. Ọfà wo ló mọ ojú èèyàn tó báyìí, tó mọ̀ pé Rhaegal ni kóun pa, pé Drogon ṣì níṣẹ́ láti ṣe? Bí ẹ bá bi mí, ìjákulẹ̀ ibẹ̀ ni pé a ò bẹ̀rù mọ́. Ní ọdún 2011 tí wọ́n bẹ́ orí Ned Stark, a kọ́ pé ẹnikẹ́ni lè kú nígbàkúùgbà bó bá ṣìwà hù. Ní ọdún 2019, a ti mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kó kú á kú, ẹni tí wọn ò bá fẹ́ kó kú, ọfà á yà fún un.

Ẹ̀BI ÀWA ÒǸWÒRAN

Síbẹ̀, mi ò ní gbè sẹ́yìn gbogbo ẹni tó ń pariwo. Nínú ìjà yìí, àwa náà máa ń da ọ̀rọ̀ pọ̀.

Ọ̀tọ̀ ni àṣìṣe ọwọ́. Nínú ìpín kẹrin kan náà, ife kọfí ti ayé òde òní wà lórí tábìlì níwájú Daenerys. Gbogbo ayé fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n padà pa á rẹ́. Ìyẹn ò kan àhunpọ̀ ìtàn rárá. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan gbàgbé aago ọwọ́ sí apá nígbà tó ń ṣe eré Aláàfin lórí pèpéle wa. Ẹ rín in, ẹ jẹ́ ó lọ.

Ọ̀tọ̀ tún ni àlàfo kékeré. Àwọn òkú fi ẹ̀wọ̀n ńlá fa Viserion jáde nínú adágún, àwọn kan ń bèèrè di òní pé níbo ni òkú ti ra ẹ̀wọ̀n. Èmi ò bèèrè. Òkú yẹn pọ̀, wọ́n ti run ìlú kọjá, wọ́n lè ti rí i níbì kan. Kò sí ìlérí kankan tí eré náà ti ṣe nípa ẹ̀wọ̀n tó wá yẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n ṣàlàyé gbogbo ìṣó tó wà nínú ilé, kò ní rí àyè gbé inú ilé náà.

Èyí tó wá le jù ni ti Daenerys. Ní ìpín karùn-ún, agogo dún, ìlú túúbá, ó sì jó ìlú náà tọmọdé tàgbà. Àwọn kan ní kò bọ́ sí i rárá, pé Daenerys tí àwọn mọ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ yín, Daenerys wo lẹ mọ̀? Ní apá àkọ́kọ́, ó dúró wo bí wọ́n ṣe da góòlù gbígbóná lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí, ojú rẹ̀ ò yí. Apá yẹn náà ló ti sun Mirri Maz Duur láàyè. Ní Meereen, ó kan ọ̀gá ẹrú 163 mọ́gi. Ó sun àwọn ọba Dothraki mọ́lé. Ó jó Randyll Tarly àti ọmọ rẹ̀. Àwa la ń pàtẹ́wọ́ fún un ní gbogbo ìgbà yẹn, torí pé a ò fẹ́ràn àwọn tó ń jó. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, kò fojú sílẹ̀ wòran.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní wọ́n sáré, òótọ́ ló sọ. Apá mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ìpín mẹ́wàá-mẹ́wàá. Apá keje ní méje, apá kẹjọ ní mẹ́fà. Láti ẹni tó ń tú ẹrú sílẹ̀ dé ẹni tó ń jó ọmọ ọwọ́, ọ̀nà jìn, ó jìn ju Eastwatch sí Dragonstone lọ. Ó ṣeé rìn o. Àmọ́ a fẹ́ rìn ín pẹ̀lú ẹ̀, ká sùn lọ́nà, ká pàdé èèyàn nílé èrò. Wọ́n tún fi egbé tí kò lórúkọ gbé e kọjá. Ẹjọ́ ẹyẹ àti ẹjọ́ Daenerys, ẹjọ́ kan náà ni.

Ní ti ìwé ẹ̀bẹ̀ tí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan fọwọ́ sí pé kí wọ́n tún apá kẹjọ ṣe látòkèdélẹ̀, mi ò sí ńbẹ̀. Ìtàn kì í ṣe búrẹ́dì tó bu tí a ń dá padà fún oníbúrẹ́dì. Ọdún 2019 yẹn náà ni eré yìí gba ẹ̀bùn Emmy fún eré tó dára jù lọ, mi ò sì bá wọn jà. Èèyàn lè gba ẹ̀bùn kó ṣì jẹ̀bi. Ohun tó yẹ ká ṣe sí ìtàn tó já wa kulẹ̀ ni ká wo ibi tó ti já, ká mọ̀ ọ́n, kí tiwa má baà já níbẹ̀.

ÈMI NÁÀ JẸ̀BI

Mo ti ń bọ̀ sórí ìdí tí ẹ̀rín yẹn ò fi jẹ́ kí n sùn.

Àwọn tó wá sípàdé wa ní oṣù tó kọjá á rántí ìtàn tí mo kà, ti ọdẹ tó sọnù sínú igbó. Mo kọ ọ́ pé òùngbẹ gbẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, pé ó ń lá ìrì ara ewé. Ní ojú ìwé tó kẹ́yìn, tó kù díẹ̀ kó kú, òrìṣà odò yọ sí i, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo kà á tán, mo ń retí àtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa bá na ọwọ́, ó ní, "Ìtàn yín dùn o, àmọ́ níbo ni òrìṣà yẹn wà láti ọjọ́ mẹ́ta?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ńbẹ̀ ẹ gbọ́ ìdáhùn mi. Mo ní, "Ìtàn àròsọ ni jàre." Ẹ rẹ́rìn-ín. Ó jókòó. Kò tún sọ nǹkan kan títí ìpàdé fi parí.

Òótọ́ ibẹ̀ rèé. Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé ni mo kọ ìparí yẹn. Ó ti rẹ̀ mí. Mo ti fi ọdẹ mi síbi tí mi ò mọ bí màá ṣe yọ ọ́, ni mo bá rán òrìṣà sí i bí ẹni rán ẹyẹ ìwò. Mo sì mọ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́ pé kò dáa. Ìdí tí mo fi kanra mọ́ ẹni tó bèèrè nìyẹn. Mo máa ń rò ó báyìí pé bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn tó ṣe Game of Thrones. Ìwé karùn-ún George R. R. Martin jáde ní 2011, nígbà tí eré sì parí ní 2019, ìwé kẹfà ò tíì jáde. Wọ́n ti rìn kọjá ibi tí ìwé dé, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ, wọn ò rí ọ̀nà, ilẹ̀ sì ń ṣú. Mi ò lè bú wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi tí mo kọ ojú ìwé mẹ́fà péré, mi ò rí ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì eré wa yẹn ni mo gbé ìtàn mi jáde. Mo gbé ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn síwájú mi: níbo ni òrìṣà wà láti ọjọ́ mẹ́ta? Mo wá rí i pé ó ti wà ńbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ọdẹ mi rí orísun omi kékeré kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìkòkò ìrúbọ ẹnì kan sì wà lẹ́nu ẹ̀. Ó mọ̀ pé omi ọlọ́mi ni. Ó yí ojú padà, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta tó fi jìyà yẹn, torí omi tó kọ̀ láti mu ni. Nígbà tí òrìṣà wá yọ sí i, gbèsè ló wá san. Idán yẹn ṣì wà ńbẹ̀, mi ò yọ ọ́. Kókó ibẹ̀ ni pé kí n tó dáhùn ìbéèrè yẹn, mi ò mọ irú èèyàn tí ọdẹ mi jẹ́. Mo rò pé ihò ló rí nínú ìtàn mi. Ilẹ̀kùn ló rí.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, nígbà mìíràn tí ẹnì kan bá tẹ pọ́ọ̀sì nínú yàrá, tàbí tó na ọwọ́ nípàdé, kó ní òun ò lóye bí nǹkan kan ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ má fi dírágónì pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Arábìnrin tó bi mí ní ìbéèrè yẹn, ẹ̀dà tuntun ìtàn náà wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti tọrọ àforíjì, ó ní kí n ra gàrí àti ẹ̀pà wá sípàdé.

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi lórí ọ̀rọ̀ Daenerys, ilẹ̀ ò tíì ṣú, kó kọ tirẹ̀ wá fún ẹ̀dà tó ń bọ̀. Àmọ́ kó má rán ẹyẹ o, kó fẹsẹ̀ rìn wá.